Dáṣíbọ́ọ̀dù Páálí Bàbá Bùnmi

Bí Josiah Ọládòṣù bá ní òjò ń bọ̀ ní Ẹ̀rúnmu, ẹni tó sá aṣọ síta á tètè sáré kó o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan n'Íbàdàn, níbi tó ti ń ka géèjì ojú ọjọ́ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́: bí atẹ́gùn ṣe ń sáré sí, bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo sí, bí òjò ṣe rọ̀ tó. Àwọn kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú iṣẹ́ wo ni kéèyàn máa ka afẹ́fẹ́. Géèjì rẹ̀ ló ń kà lọ ní tirẹ̀. Ó mọ iyì ohun tó ń ṣe.

Morónikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí kì í ka ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì láìkọ́kọ́ fi báírò pupa tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù láyé àfi bàálù. Nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Olúwabùnmi, pè láti Àbújá pé wọ́n máa fún òun ní oyè ọ̀mọ̀wé lóṣù tó ń bọ̀, ńṣe ni ìyá jó yí pálọ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò lè jókòó sínú mọ́tò fún odindi ọjọ́ kan. Bàálù ló kù. Ni ijó bá parí.

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ, Bàbá Bùnmi," ó ní. "Ẹ bá mi ya fọ́tò bọ̀. Èmi ò lè wọ nǹkan tí mi ò mọ ohun tó gbé e dúró."

Ọ̀rọ̀ náà dun Josiah wọra. Ìyá tó ń jí láago mẹ́rin láti kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé kó tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àga tirẹ̀ ló máa wá ṣófo lọ́jọ́ náà? Kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú òun.

Òun ti wọ bàálù rí, lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí iléeṣẹ́ rán wọn lọ sí Kánò lọ́dún 1987. Kí wọ́n tó gbéra, awakọ̀ jẹ́ kó yọjú síwájú, ó rí gbogbo géèjì tó wà níbẹ̀, kò sì gbàgbé ìkankan. Ló bá wá páálí fíríìjì kan láti ya dáṣíbọ́ọ̀dù bàálù fún ìyàwó rẹ̀, ó da abọ́ dé orí rẹ̀, ó fi ya géèjì roboto-roboto, ó ya sítíárì, ó ya ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ní kí Najeem, tó ń kọ síńbọ́ọ̀dù ní Ìyànà Ọ̀fà, bá òun kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sí i. Lẹ́tà ńláńlá tó dára ni Najeem kọ, ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn sórí ẹyọ kan, kò sì fi àmì sábẹ́ ìkankan.

Josiah gbé e ti ògiri pálọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, bó ṣe la ẹnu pé kóun ṣàlàyé, ìyàwó rẹ̀ ní òun ń lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ní ẹ̀wà lórí iná. Lọ́jọ́ kẹta ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì bá lẹ́tà Najeem, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

"Òṣùwọ̀n àtẹ̀gùn," ó kà á jáde. "Bàbá Bùnmi, ta ló ń gun àtẹ̀gùn lójú ọ̀run?"

"Atẹ́gùn ni o, èyí tó ń fẹ́."

"Wọn ò sì fi àmì sí i? Èyí wá ńkọ́? Ibi ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀! Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni awakọ̀ dá tí wọ́n fi ya ibì kan sọ́tọ̀ fún un?"

Josiah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹsẹ̀ ni, Ìyá Bùnmi! Ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ni!"

Báírò pupa ti jáde. Ṣùgbọ́n tíṣà gidi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì di dandan kó béèrè. Ọ̀nà kan ò wọjà. Josiah pa ẹ̀rín mọ́nu, ó sì ń dáhùn jẹ́jẹ́, kó má baà já a láyà.

Ó ní túùbù kékeré kan wà níwájú bàálù tí atẹ́gùn ń wọ̀. Bó bá ṣe ń tì í tó ni géèjì fi ń mọ eré tí bàálù ń sá. "Atẹ́gùn tó ń gba orí apá àti abẹ́ apá kọjá ló gbé e dúró. Bí eré rẹ̀ bá ti tó, apá á gbé e." Tí awakọ̀ bá fa sítíárì mọ́ra, imú bàálù á gbéra sókè, tó bá tì í, á wálẹ̀, tó bá yí i, bàálù á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ yà. Ẹsẹ̀ ló fi ń darí pátákó tó wà nídìí ìrù. Bí bàálù bá sì ti gbéra tán, táyà á ká wọlé, awakọ̀ á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù.

"Èyí tí wọ́n kùn láwọ̀ méjì yìí ńkọ́?"

"Búlúù lojú ọ̀run, ilẹ̀ lèyí tó dà bí amọ̀. Bí wọ́n bá wọ inú ìkùukùu, ara a máa tan ènìyàn. Á ní òun dúró gangan, bẹ́ẹ̀ ó ti fì. Géèjì yìí ni wọ́n ń gbà gbọ́."

Ó fi àmì sí i. Ó wá kan èyí tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó. Josiah ní ìwúwo afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, nítorí bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. "Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òní kì í ṣe tàná. Kí bàálù tó balẹ̀, ẹnì kan ní láti ka ti ilẹ̀ ránṣẹ́ sí awakọ̀, kí géèjì rẹ̀ má baà purọ́."

Morónikẹ́ gbé báírò kúrò lórí páálí. "Ẹnì kan bíi tiyín?"

"Bíi tèmi."

Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé, kò sì wò ó báyìí rí. "Ẹ bá wa gba tíkẹ́ẹ̀tì méjì," ó ní, ó sì ń fi àmì sórí èyí tó kù.

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, wọ́n wọ bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Alákìá n'Íbàdàn. Bí wọ́n ṣe gbéra tán, nǹkan dún gbì lábẹ́ wọn, ariwo ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, bàálù sì fì sápá òsì. Ọ̀gbẹ́ni sìgbọnlẹ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn di àga mú, ó ń pe Jésù. Josiah yíjú sí Morónikẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Táyà ló ká wọlé. Agbára tó fi gbéra ló dín kù, ẹ́ńjìnnì ò kú. Fífì tó sì ń fì yìí, ó ń yà ni."

"Màámi, ṣé ẹ̀yin náà máa ń wa bàálù ni?"

"Tíṣà ni mí," ó dáhùn, ó sì na ìka sí Josiah. "Ọkọ mi ló kọ́ mi." Orí Josiah wú.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n pe Olúwabùnmi Ọládòṣù nínú gbọ̀ngàn ńlá. Morónikẹ́ dìde fùú, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ńkọ́, ó pa á tì, ó ké orúkọ ọmọ rẹ̀ títí gbogbo èèyàn fi bojú wẹ̀yìn. Ọmọ dúró lórí pèpéle, ó ń wá ibi tí ohùn náà ti wá, ó sì rí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró. Josiah pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ọmọ ni gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́ fún, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ lòun ń pa tirẹ̀ fún.