Àdúà Tí Bégúmù Kò Rí Ṣe

Tíì ni mò ń sè lọ́wọ́ ní àárọ̀ tí ogun Kùwéètì bẹ̀rẹ̀. Ilé mì tìtì, erùpẹ̀ já láti òkè àjà sínú ìkòkò. Ọkọ̀ òfuurufú ogun ló ń gbéra ní Jẹ́dà, wọn kò sì fi wá lọ́rùn sílẹ̀ mọ́ títí ogun fi parí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bí ogun ṣe rí, bọ́ǹbù kankan kò bọ́ lù wá o. Ariwo ni, àti ebi, àti ìròyìn tí kò dé.

Ọmọ ọba obìnrin kan láti Íńdíà ni mò ń se oúnjẹ fún ní àdúgbò Àmáríyà, ní Jẹ́dà níbẹ̀. Bégúmù là ń pè é, orúkọ ọ̀wọ̀ fún obìnrin ńlá lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti gba ìlú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tipẹ́. Ó wá ṣe hájì, kò padà mọ́. Èmi náà wá ṣe úmúrà, hájì kékeré, láti Ìwó, n kò padà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ilé wo la fẹ́ re? Òun ní ìkáámà, ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò lè gbé ìlú. Èmi kò ní.

Àwọn ará Yámánì tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò ti kó lọ kí ogun tó dé, nítorí ìjọba wọn àti ti Sáúdíà kò rẹ́ mọ́. Àwọn tó sá wá láti Ríyáàdì ra ìwọ̀nba tó kù lọ́jà. Ọlọ́pàá kún ojú pópó, n kò lè tò sórí ìlà. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní fúùlù la ń jẹ títí ó fi tán, lẹ́yìn náà a mu tíì lásán.

Ní ọjọ́ kejì ogun, rédíò sọ pé Ìráàkì ti ju rọ́kẹ́ẹ̀tì sí Tẹ́lì Àfífù ní Ísírẹ́lì. Ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ ilé sọ pé ó tọ́ sí wọn. Bégúmù pa rédíò.

“Ọmọ ìyá mi wà níbẹ̀,” ó ní.

Mo rò pé ìbẹ̀rù ogun ló ń dà á lórí rú. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gba àwọn Júù kan sí etí òkun ìlú wọn, ó fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n ń fún òróró tà. Ìyá Bégúmù kú lórí ìkúnlẹ̀. Obìnrin Júù kan tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́ ni wọ́n gbé Bégúmù fún. Ó fi ọmú kan fún ọmọ tirẹ̀, Ríbíkà, ó fi èkejì fún ọmọ ọba. Ẹ mọ̀ pé nínú ẹ̀sìn wa, àwọn tó bá jọ mu ọmú kan náà ti di ọmọ ìyá. Nígbà tí oyè kúrò nílé wọn, àwọn Júù náà kó lọ, Ríbíkà sì ń gbé Tẹ́lì Àfífù. Láti Sáúdíà, tẹlifóònù kì í lọ síbẹ̀, lẹ́tà kì í lọ.

“Mú mi lọ sí Mẹ́kà. Mo fẹ́ ṣe àdúà fún un.”

“Màmá, wọ́n á mú mi lójú ọ̀nà.”

“Lójú mi báyìí?”

Níbi àyẹ̀wò lójú ọ̀nà Mẹ́kà, sójà ọ̀dọ́ kan bẹjú wo inú takisí. Mo fa hìjáàbù sójú. Bégúmù kò jẹ́ kó la ẹnu. “Ọmọ mi, o ti jẹun lónìí?” Ojú sójà náà rọ̀. Ó ní ká máa lọ.

Ọ̀dọ̀ Àlàájì Múrítàlá la sọ̀ sí ní Járúwálì, àdúgbò kan ní Mẹ́kà. Ọmọ Ìwó bíi tèmi ni, ó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì. Ó gbé ìrẹsì síwájú wa. Bégúmù kò fọwọ́ kàn án.

“Ọmọ mi, kí ni mo lè tọrọ fún ọmọ ìyá mi tí kì í ṣe Mùsùlùmí?”

“Ẹ tọrọ ààbò fún un, Màmá. Ẹ tọrọ ìtọ́sọ́nà.”

“Tó bá ti kú ńkọ́?”

Múrítàlá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá bi mí pé, “Àlàájà, kí ni kí n wí báyìí?”

“Ohun tí ẹ kọ́ ni kí ẹ wí.”

Ó wolẹ̀. “Tó bá ti kú, Màmá, àwọn onímọ̀ ní kò sí títọrọ àforíjìn fún un mọ́.”

Bí a ti ń lọ sí Hárámù, mọ́ṣáláṣí ńlá tí Káábà wà, mo bẹ Bégúmù kó ṣe àdúà náà bí ẹni pé Ríbíkà wà láàyè.

“Níwájú ilé Ọlọ́run,” ó ní, “kí n máa méfò?”

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú Káábà. Ètè rẹ̀ kò mì. Àwọn èrò ń tì í láti ẹ̀yìn. Nígbà tí apá ro ó, ó sọ ọ́ kalẹ̀, kò fi pa ojú bí a ti ń ṣe lẹ́yìn àdúà. Mo sunkún. Inú bí mi sí àwọn tó ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì bí mi sí Múrítàlá tí kò mọ irọ́ pa.

Nígbà tí ogun parí, òfuurufú dákẹ́ lójijì. Bégúmù lọ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ibi tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù ṣòwò ní Bàládì, àárín ìlú Jẹ́dà. Ó fẹ́ kó bá òun wádìí Ríbíkà. Kò pẹ́ tó fi jáde.

“Kí ni wọ́n wí, Màmá?”

“Ó ní ìdílé wa kò mọ Júù kankan rí.”

Kò sọ̀rọ̀ Ríbíkà mọ́. Bégúmù kú kí hájì tó ń bọ̀ tó dé. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Imáámù tọrọ àforíjìn fún un, àwa díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Bí Ríbíkà bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó lè túfọ̀ Bégúmù fún un. Ó ṣì lè máa tọrọ ẹ̀mí gígùn fún òkú.