Aṣòfin Tí Kò Sọ Ọmọ Rẹ̀ Lórúkọ

Mo rántí ìgbà tí àwọn àgbààgbà ìlú mi kọ lẹ́tà sí mi ní Thamesmead nílùú Òyìnbó pé kí n wá ṣojú àwọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe lọ́sibítù nítòsí Woolwich Common nígbà náà, n kò sì rí ẹni tó pè mí ní sà fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́tà yẹn pa mí bí ọtí. Oyún àkọ́bí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, ìyàwó mi sì kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì: "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bímọ first. Politics ò ní sá lọ." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé èmi fúnra mi ni màá sọ ọmọ mi lórúkọ.

Mo fi í sílẹ̀ ní Thamesmead, mo wálé, mo sì wọlé ìbò. Lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi láti dìbò fún mi títí ìlà fi yí ilé ìwé po, omi sì bọ́ lójú mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni, èmi òpònú!

Nígbà tí ìyàwó mi bí ọkùnrin, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich tẹ ọ́fíìsì mi láago. Akọ̀wé mi ní Honourable wà níjókòó ilé ìgbìmọ̀. Òótọ́ ni. Ibi tó yẹ kí àwọn ìyàwó aṣòfin máa jókòó sí níbi ayẹyẹ ìjọba là ń jà lé lórí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní bí a bá ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ yẹn tán, màá wọ bàálù lọ bá wọn.

Ọjọ́ kẹwàá ni mo tó pe ìyàwó mi, pé orúkọ bàbá mi ni kí ọmọ máa jẹ́.

"Ọmọ ti lórúkọ, sà," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró fún yín. Ó ti wà nínú birth certificate."

Ọdún kejì kò pé tí sójà fi tú wa ká. Nígbà tí mo padà dé Thamesmead, ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé omi fún mi bí àlejò. Kò bá mi jà. Ìbá jà, ìbá sàn fún mi.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ló wí. Èmi ò wolé, n ò sì sọmọ lórúkọ. Ọmọkùnrin náà ti ga jù mí lọ báyìí. Èmi nìkan ni mo ṣì ń fi orúkọ bàbá mi pè é, tí mo bá sì pè é, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń pè.