Fọ́ọ̀mù Ilé Kẹtàdínlógójì

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nígbà ọyẹ́, àwa mẹ́ta péré la sì wà nínú yàrá: olùkọ́ wa, ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì, àti èmi. Ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì ni yàrá náà wà, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Ó ń rùn bí ìgbẹ́ eku. Ọyẹ́ Jos kì í bìkítà pé fèrèsé wà ní títì. Eruku ti bo orí àwọn páálí débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Mo ti bímọ méjì kí n tó ka ìwé mẹ́wàá yanjú, mo sì ti di opó ọkùnrin kí n tó wọ yunifásítì. Ìyàwó mi ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nílé wa ní Angwan Rukuba, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo ní kò ṣàìsàn rí. Ó ní àrùn yẹn kì í pariwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera: mo fẹ́ mọ ohun tó pa á.

Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà kò le. Olùkọ́ wa, ọmọ Èkìtì kan tí mo fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá jù lọ, ní kí á máa ti inú fọ́ọ̀mù ìwádìí kan tí wọ́n ti parí kọ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, kí ọwọ́ wa lè mọ́ ọn. Àdúgbò wa ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń pè mí, gbogbo kíláàsì a sì rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin yẹn ń kà, èmi ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́.

"Baba, ẹ tẹ̀ ẹ́ mana," ló wí. Jos ni wọ́n bí i sí, Hausa ò sì lè ṣe kó má wọ Yorùbá rẹ̀. "Kò ní bù yín jẹ."

Ó mú òmíràn, ó kà á: "Ilé kẹtàdínlógójì. Obìnrin. Aránṣọ. Ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ti kú."

Ọwọ́ mi dúró. Mo ní kó fún mi ní ìwé náà. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára òpó ilẹ̀kùn wa, kò sì tíì parẹ́ títí di ọjọ́ yẹn. Ìfúnpá obìnrin náà ni 210 lórí 130, ó ga kọjá bó ṣe yẹ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n béèrè bóyá a ti sọ èsì fún un, bóyá a ti ní kó lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni mo sin ìyàwó mi.

Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù náà wá sílé wa dáadáa. Ọ̀dọ́ méjì tó wọ aṣọ funfun ló wá. Ìyàwó mi ní aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ, òun ò ráyè. Èmi ni mo sọ fún un pé, "Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Má dójú tì mí, jókòó." Ó jókòó. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìfúnpá di apá rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fún un ní ọṣẹ kan, mo sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé kejì. Nígbà tí mo padà, mo bi í pé kí ni wọ́n wí. Ó ní, "Wọ́n ní a ṣeun." Ló bá padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwa tí a pẹ́ kí á tó rí ìwé kà, a máa ń bọ̀wọ̀ fún un ju àwọn tó bá a nílé lọ. Mo rò pé ẹni tó bá ń kọ nǹkan nípa rẹ sílẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ ni.

Mo tú páálí náà. Fọ́ọ̀mù tẹ̀lé fọ́ọ̀mù, nọ́ńbà gíga tẹ̀lé nọ́ńbà gíga, ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ṣófo. Ọmọbìnrin yẹn bá mi tú u. Kò ṣàwàdà mọ́.

Mo sọ fún olùkọ́ wa pé ìyàwó mi ni obìnrin inú ìwé yìí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó kẹ́dùn, mo sì gbà pé ó dùn ún. Ó ṣàlàyé pé ìkánjú ló bá àwọn tó gbé fọ́ọ̀mù kiri, pé nígbà tí òun fi mọ̀, èsì ìwádìí náà ti jáde nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò kúrò létí mi títí dòní.

"Bàbá, ìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú."

Mo bi í pé àwọn tó ṣì wà láàyè ńkọ́. Ó ní àṣírí ni, kò gbọdọ̀ kúrò nínú yàrá yìí, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé mi kúrò níléèwé.

"Ta lẹ ń pa á mọ́ fún?" ni mo wí. "Ẹni tó ni ín gan-an ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní kí n lọ sinmi nílé, ó sì jáde. N kò pariwo rí láyé mi, n kò sì pariwo lọ́jọ́ náà, àmọ́ eyín mi ń ro mí nítorí bí mo ṣe ń pa á pọ̀. Inú bí mi sí olùkọ́ wa. Inú bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú kálámù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà ilé àwọn tí ìfúnpá wọn ga sẹ́yìn ìwé mi. Ọmọbìnrin yẹn dìde, mo rò pé ó fẹ́ lọ sọ fún olùkọ́ ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó.

"Baba, ẹ jẹ́ kí n máa kà á," ló wí. "Ẹ ò yára."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo méje tó lù, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ́ bí a ṣe ń wọn ìfúnpá, mo lọ sí ilé tó ṣáájú nínú ìwé mi. Obìnrin kan ń dín kóṣé, ìyẹn àkàrà, lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. A fi Hausa kí ara wa, ina kwana, ina gajiya. Mo bi í bóyá wọ́n ti wá di apá rẹ̀ rí láti yunifásítì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pẹ́.

Mo ní kí ni wọ́n sọ fún un.

"Wọn ò sọ nǹkan kan," ló wí. "Mo bá mọ̀ pé ara mi le."

Mo ní kó sọ agbada kalẹ̀. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo sì sọ iye tó jẹ́ fún un lójú rẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.