Igi Tíìkì Tí Wọ́n Gbìn sí Oko Bàbá Wa

Kò tíì pẹ́ rárá. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ní Odomẹ̀ta, ìlú wa, àwọn obìnrin ń gbin àgbàdo, nígbà tí àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ kan dé. Wọ́n ní àwọn yóò la ojú irin akẹ́rù gba orí ilẹ̀ wa, àwọn yóò sì kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Mo ti bá ẹgbẹ́ olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ rí, mo ti sùn ní àtìmọ́lé nítorí rẹ̀. Mo mọ ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn.

A kọ̀. Adùkẹ́, opó kan nínú ẹbí wa tó ń dáko ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá mi, ló kọ́kọ́ jókòó sójú ọ̀nà, gbogbo wa sì jókòó tì í. Ọkọ̀ wọn padà. Nígbà tí wọ́n tún dé, igi tíìkì ni wọ́n kó wá. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni, kí oko wa lè ní ibòji. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn ló gbìn ín yí ilẹ̀ náà ká. Àkànní ẹ̀gbọ́n mi, olórí ẹbí wa, ló fún wọn láyè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bóyá ẹ kò mọ̀: lọ́dọ̀ wa, a lè fún àlejò nílẹ̀ kó gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó gbin igi ti sọ pé òun ló nilẹ̀. Nítorí òfin yìí ni Àkànní ṣe fa igi ọsàn tí mo gbìn sóko bàbá tó bí èmi àti òun tu. Ó ní mo ti lọ sílé ọkọ.

Mo lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ò gbọdọ̀ gbin ọsàn, àlejò wá ń gbin tíìkì?"

"Màdáàmù, ìwé ti pọ̀ jù lágbárí ẹ. Igi lásán ni."

"Ọsàn tèmi ńkọ́? Ṣé irin ni?"

Ó ní kí ìyàwó òun bu omi fún mi, kí inú mi lè rọ̀.

Nígbà tí igi náà ga ju ènìyàn lọ, wọ́n pè wá sí mérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa. Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà kan tó gbọ́ èdè wa dáadáa dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, lọ́dọ̀ yín níbí, ta ló ń gbin igi sórí ilẹ̀?"

Àkànní wolẹ̀.

"Bàbá, ẹ dáhùn!" Adùkẹ́ kígbe. "Ẹnu tí ẹ fi ń lé obìnrin lóko, ṣé ilé lẹ gbàgbé ẹ sí?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Aṣojú náà ní igi àwọn ti fi hàn pé àwọn ló nilẹ̀.

A kò dákẹ́. A pariwo dé Pọ̀bẹ̀, olú ìlú ẹkùn wa, títí wọ́n fi yọ apá ibi tí kànga àti sàréè wa wà kúrò nínú ètò náà. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Ilé ìkẹ́rùsí ló wà lórí ìyókù. Wọ́n fún Àkànní àtàwọn ọkùnrin ilé wa nílẹ̀ mìíràn ní ìlú Kpankou. Adùkẹ́ kò rí nǹkan kan. Àkànní ló sọ fún wọn pé obìnrin kì í gbin igi, kì í sì í nilẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà jà wá lólè, n kò ní sọ pé wọn ò ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin tí àwọn ọkùnrin wa kò lè fi dá àlejò dúró, òun ni wọ́n fi lé Adùkẹ́ kúrò. Nísinsìnyí, bí Àkànní bá ń yìn wá ní ìpàdé pé akin ni àwa obìnrin, mo máa ń dìde bi í pé: ilẹ̀ Adùkẹ́ dà? Kò tíì dáhùn. Ẹ bá mi bi í. Bó bá kú, ẹ bi àwọn ọmọ rẹ̀.