Ó Kú, Ó Ti Kú

Àǹtí Ẹ̀sọ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é, nítorí pé bó bá ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó rò pé ẹyin ló gbé dání. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni. Kò kàwé púpọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ yàrá bàbá arúgbó kan tó máa ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun máa fẹ́ ẹ. Ó kí i, kò dáhùn. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti tutù. Ó pa ojú bàbá náà dé, ó sì lọ pe dókítà.

Àwọn ọmọ olóògbé fẹjọ́ sùn pé àìtọ́jú ló pa bàbá àwọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn jókòó, òyìnbó ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n ní kí Àǹtí Ẹ̀sọ̀ sọ tẹnu ẹ̀. Òógùn bò ó.

"When I entered, he died."

Alága gbójú sókè. Ó fi òyìnbó bi í pé kí ló wá ṣe sí i.

"Nothing, sà."

Wọ́n ní kó lọ máa sinmi nílé ná. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, gbọ́ ohun tó sọ, ó káwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti pa ara yín! 'He had died' lẹ̀ bá sọ."

"Ṣebí ikú kan náà ni?"

"Rárá o. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, ẹ wọlé tán ló tó kú, ẹ wá ń wò ó níran. 'Had' yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti kú kẹ́ ẹ tó dé."

Àǹtí Ẹ̀sọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwọn méjèèjì padà lọ bá alága. Ó gbọ́ wọn tán, kò tiẹ̀ pariwo.

"Mádààmù, lọ́jọ́sí, ẹ wọlé kó tó kú. Lónìí, ó ti kú kẹ́ ẹ tó wọlé. Èwo ni ká gbà? Àbí ẹ ti lọ rẹ́ni kọ́ yín lọ́rọ̀?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà. Ó ní òun ò rántí bóyá òkú náà ti tutù. Òun ló yẹ kó wà ní wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ náà; ta ló fẹ́ kí wọ́n bi òun pé níbo lòun wà títí ilẹ̀ fi mọ́?

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Ilé ìwòsàn tó bá lọ, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ilé alágbàfọ̀ kan ló ti ń lọ aṣọ báyìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí ọmọ bàbá náà obìnrin lójú pópó. Ó sáré tọ̀ ọ́, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ gbọ́ tèmi." Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sọdá. Àǹtí Ẹ̀sọ̀ dúró síbẹ̀ títí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń fun fèrè mọ́ ọn. Kò tún gbìyànjú ẹ̀ mọ́.