Wéskóòtì Murdo Rattray

Ohun tí gbogbo ìlú Blairgowrie ní Scotland fi ń rántí olóògbé Murdo Rattray ni ọjọ́ tó bọ́ kíìlìtì rẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń wọ̀, lójú títì. Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn sì yọ dáadáa. Láti àárọ̀ ló ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ Ninian Moncur, tó ń wá wéskóòtì tátáànì, aṣọ onílà pupa ti ìdílé Rattray, tí àwọ̀ rẹ̀ máa bá ti kíìlìtì ìdí rẹ̀ mu. Ninian gbé ọ̀kan jáde, Murdo ní iná ṣọ́ọ̀bù ń tan òun jẹ. Ló bá gbé wéskóòtì bọ́ síta, ó tú bẹ́líìtì, ó sì na kíìlìtì sókè sí oòrùn. Ó wá ku òun àti ṣẹ́ẹ̀tì gígùn àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún.

"Murdo! Wọ aṣọ rẹ, jọ̀ọ́!" Ninian pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Ṣó o rí i? Pupa tìẹ ti pọ̀ jù!"

Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń kọjá lọ. Murdo yíjú sí wọn. "Ẹ káàsán, Pásítọ̀. Màdámù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọ̀, ṣé wọ́n bára mu?"

Ìyàwó pásítọ̀ ní òun ò tíì ráyè wo aṣọ.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dà rú o. Àgbẹ̀ tó ń gbin rásíbẹ́rì, èso pupa kékeré kan, ni, olóríkunkun sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wéskóòtì yìí dùn ún dé ọkàn. Effie ìyàwó rẹ̀, tó ń fi kíìlìtì rírán ṣiṣẹ́ ṣe, ló fọwọ́ rán kíìlìtì yẹn fún un nígbà ìgbéyàwó wọn. Ó ṣèlérí pé òun á rán wéskóòtì tẹ̀ lé e. Aṣọ àwọn oníbàárà ò jẹ́ kó ráyè, ikú sì mú un lọ. Nígbà tí Ishbel, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá fẹ́ ṣègbéyàwó, Murdo búra pé òun ò ní mú ọmọ Effie wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ tí kò pé.

Òun àti Ninian jọ lọ sílé ìwé ni, wọn kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fúnra wọn.

"Tátáànì Rattray kan náà ni," Ninian sọ. "Kíìlìtì rẹ ló ti ṣá."

"Ṣá kẹ̀? Aṣọ Effie?"

"Gbogbo òjò tó ti ń pa á láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Ìwọ alára ti ṣá."

"Èmi lè ṣá. Effie ò rán nǹkan tó ń ṣá."

Murdo wá wéskóòtì dé àwọn ìlú mìíràn: ó lọ sí Perth, ó lọ sí Dundee, ó dé Inverness. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un. Ní Dundee, ó bi ọmọbìnrin tó ń tajà léèrè bóyá ẹni tó rẹ òwú yẹn tiẹ̀ ti rí pupa rí.

Nígbà tó sú u, ó ra wéskóòtì Ninian, ó ní òun fúnra òun á sọ ọ́ di ògbólógbòó kó lè bá kíìlìtì mu. Ó sè é sínú tíì dúdú. Àwọ̀ ò yí, ṣùgbọ́n aṣọ súnkì títí kò fi gba apá rẹ̀ mọ́. Skelf, ajá rẹ̀ kékeré, ló jogún rẹ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ kiri bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún.

Ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Ishbel ní kí òun bá bàbá òun lọ kíìlìtì. Ẹ̀yìn kíìlìtì ni ìṣẹ́po rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ léra, wà, Murdo ò sì wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ rí. Effie ló máa ń lọ̀ ọ́, àtìgbà tó sì ti kú, kò sẹ́ni tó fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Ishbel ṣí ìṣẹ́po kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Níbi tí oòrùn àti òjò ò dé, aṣọ náà pupa bíi rásíbẹ́rì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan."

Skelf náà wá wò ó. Ó dúró ti kíìlìtì pẹ̀lú wéskóòtì rẹ̀, àwọ̀ méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́.

Murdo wo ajá, ó wo kíìlìtì. "Ninian ò gbọdọ̀ gbọ́," ló sọ. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó fi ìṣẹ́po yẹn bo ojú, ó sì sunkún. Ó ti gbàgbé pé bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí Effie gbé e fún un.

Ṣùgbọ́n Ninian ló ní ọjà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni Murdo sì padà lọ sọ ọ́.

"Wéskóòtì yẹn bá a mu," Murdo sọ, ó di fìlà mú lọ́wọ́. "Òmíràn ni mò ń wá."

"Èyí tó o rà ńkọ́?"

"Ajá ló wọ̀ ọ́."

Ninian wò ó títí. "Màá tà á fún ẹ. Ṣùgbọ́n inú ilé la ti máa wò ó lónìí o."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wéskóòtì òkè ń tàn yòò, kíìlìtì ìsàlẹ̀ ti ṣá. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Ishbel rọra sọ pé, "Dádì, àwọn èèyàn á ní kò bára mu."

"Ìyá ẹ ló yan pupa yìí," Murdo dáhùn. "Kùrukùru máa ń bo oko wa láàárọ̀. Ó ní òun fẹ́ máa rí mi láti òkèèrè."

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni Murdo kú. Ninian ló bá Ishbel wọ aṣọ fún un, kíìlìtì àti wéskóòtì, ó sì ń sunkún bó ṣe ń di bọ́tìnnì. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ gbogbo wa. Kùrukùru bo itẹ́ òkú lọ́jọ́ tí a sin ín, ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé Effie rí i tó ń bọ̀.