Omi Tí Kò Gbọdọ̀ Níyọ̀ Ju Omijé Lọ

Má bínú, ọmọ ọmọ mi, nǹkan ò dúró lórí mi mọ́. Ọdún tó o máa kọ síbẹ̀, mi ò mọ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé ṣúgà ti di wúrà nígbà yẹn.

Onígbáméjì wọ̀lú. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́ níbí, ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá, kí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bá aráàlú sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n mú. Èmi tí mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀! Ìyá rẹ àgbà rẹ́rìn-ín títí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kẹ́ ẹ wá panu mọ́."

Háà, ìyẹn mo lè ṣe é.

Ó po omi síse tó ti tutù, pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀, fún ẹni tó bá ń ṣu tó ń bì. Ó ní ká tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

"Omijé ta ni?" ìyá arúgbó kan bi í. "Tèmi níyọ̀ jù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi!"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu. Èmi tí mi ò mọ̀wé, òṣùwọ̀n ti wà lójú mi látìgbà tí wọ́n ti bí mi!

Kò pẹ́, wọ́n ránṣẹ́ láti Oǹdó pé onígbáméjì ti mú ọmọ àbúrò mi obìnrin. Mo wọkọ̀ lọ, mo bá ọmọ náà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, ojú rẹ̀ gbẹ. Omijé ò jáde rárá. Wọn ò sì fún un lómi.

Ó ṣe mí bíi kí n pariwo. Mo bi àbúrò mi pé, "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, bó bá ti mu omi, ó tún ń yà á dànù ni. Omi yẹn ló ń pa á!"

Ó wo ọmọ, ó wo ojú mi. "Àbí gbígbẹ ló ń gbẹ lọ báyìí?"

Mi ò tíì sọ nǹkan kan o.

Kò sí ṣúgà nílé. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí aládùúgbò wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ohun tá a fẹ́ fi ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣúgà tí wọ́n fi pa mọ́ wá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sá padà. Ọkùnrin kan ní, "Bàbá Àkúrẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀ pé mo ní i o!"

Mo po ó. Àbúrò mi tọ́ ọ wò, ó lá omijé tó ń bọ̀ létè rẹ̀. "Wọ́n dọ́gba," ó ní.

À ń fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀ títí a fi rí ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ ọsibítù. A wà lọ́nà ni àbúrò mi pariwo. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó bi wá pé,

"Ó ti kú?"

"Rárá o! Ó ń sunkún! Ẹ wò ó, ó tutù!"

Ẹ̀kán omi kan ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ. Mo ti rí odò rí, mo ti rí òkun. Mi ò rí èyí tó tó ìyẹn o.

Ó tó. Ka ohun tó o kọ sókè, kí n gbọ́.